Irin Tí A Fi Sílẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ìmọ̀ràn fún Ẹni Tó Ń Padà sí Jíìmù

Ọdún mẹ́rin ni mo fi jìnnà sí irin. Iṣẹ́ ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ tẹ̀ lé e, àìsàn ìyá mi wá gba àyè tó kù. Lọ́jọ́ tí mo padà wọ jíìmù, ohun tí mo ń gbé kí n tó lọ náà ni mo tún tò sórí irin: kílò 80. Mo dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ńṣì, mo tì í sókè lẹ́ẹ̀mẹ́fà, inú mi sì dùn pé agbára ò tíì lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mi ò lè na apá. Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó mi ló bá mi bọ́ bùbá lọ́rùn. Ìrora inú iṣan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ṣùgbọ́n èjìká òsì mi kò jẹ́ kí n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sùn fún oṣù méjì gbáko.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń tú ìmọ̀ràn wò, wọ́n sì pọ̀ bí ewé. Ẹnì kan á ní kí ẹ máa gbé irin lójoojúmọ́, ẹlòmíràn á ní ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ẹnì kan á ní kí ẹ fi iyán àti ẹ̀bà sílẹ̀ pátápátá, ẹlòmíràn á ní láìjẹ́ pé ẹ jẹ àjẹyó-àjẹkì, iṣan ò ní yọ. Ẹ̀kẹta á fa agolo ìyẹ̀fun kan yọ lábẹ́ káńtà. Mo ti ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ, mo ti jókòó ti àwọn kóòṣì, mo sì ti fi ara mi dán púpọ̀ nínú rẹ̀ wò. Ibi tí mo bá a dé ni pé àṣìṣe kan wà lábẹ́ gbogbo àríyànjiyàn yìí: wọ́n ń bá ẹni tó ń padà sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọjọ́ àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ara tó ti gbé irin rí kò rí bíi ti èyí tí kò gbé e rí. Àǹfààní kan wà níbẹ̀, ewu kan sì fara pamọ́ sínú àǹfààní ọ̀hún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú àǹfààní náà. Ní 1991, Robert Staron àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ohio, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn obìnrin tó gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 20, tí wọ́n sì pa á tì fún ọgbọ̀n ọ̀sẹ̀ ó lé díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni wọ́n fi gba púpọ̀ nínú ohun tó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ní 2010, ẹgbẹ́ Kristian Gundersen ní Yunifásítì Oslo rí ohun tó lè fa irú èyí lára eku: bí iṣan bá ń ṣe iṣẹ́ agbára, àwọn kókó kéékèèké tó ń darí iṣẹ́ inú rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, bí iṣan náà bá wá rù nítorí àìlò, àwọn kókó yìí kì í bá a lọ. Ó dà bí oko tí igbó ti bò ṣùgbọ́n tí ebè rẹ̀ ò tíì wó. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ọ̀rọ̀ kókó yìí ṣe rí gan-an lára ènìyàn, àmọ́ ìwádìí Yunifásítì Keele ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 2018, fi hàn lára ọkùnrin mẹ́jọ pé DNA inú iṣan máa ń tọ́jú àmì iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn. Ní 2024 ni àwọn ará Yunifásítì Jyväskylä ní Finland wá fi àwọn tó gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 20 tààrà wé àwọn tó sinmi ọ̀sẹ̀ 10 láàárín. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìyàtọ̀.

Nítorí náà, ẹni tó ń bara jẹ́ pé wàhálà ọdún tó kọjá ti ṣòfò, kó fọkàn balẹ̀. Ẹni tó fi irin sílẹ̀ nítorí ààwẹ̀ Ràmàdáánì tàbí ti Lẹ́ńtì kò tilẹ̀ pàdánù ohun tó yẹ ká máa sọ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Alabama ní Birmingham rí i ní 2011 pé àwọn ọ̀dọ́ tó gbé irin fún ọ̀sẹ̀ 16 kò pàdánù iṣan wọn nígbà tí wọ́n dín iṣẹ́ náà kù sí ìdá kan nínú mẹ́sàn-án fún ọ̀sẹ̀ 32. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kó má pẹ́, lẹ́yìn ìṣínu, á gbé alááwẹ̀ dé ọdún.

Ewu rẹ̀ rèé. Iṣan máa ń tètè jí. Ọpọlọ náà kì í gbàgbé bí a ṣe ń gbé irin, bí ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn kì í ṣe é gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gùn ún. Ìdí nìyẹn tí agbára fi máa ń gòkè lójú wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n okùn líle tó so iṣan mọ́ egungun kò yára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò pọ̀, oṣù ló fi ń le padà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀. Bí iṣan bá ti lè gbé kílò 80 tí okùn rẹ̀ ò tíì kúrò ní 50, okùn ló máa sanwó. Ohun tó ṣe èjìká mi nìyẹn. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gidi kì í bọ́ sí irú kòtò yìí bọ̀rọ̀, nítorí kò sí kílò kankan lórí rẹ̀ tó ń rántí. Ẹni tó ń padà ló ní nọ́ńbà àtijọ́ lọ́kàn, nọ́ńbà yẹn ló sì máa ń ṣe é léṣe.

Kí ló wá kù ká ṣe? Nínú gbogbo ètò tí mo ti rí, èyí tó pẹ́ jù ni mo ṣì gbà pé ó dáa jù fún ẹni tó ń padà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó fara pa kún àwọn ilé ìwòsàn, orúnkún wọn ò sì tètè san. Ìmọ̀ràn ìgbà náà ni pé kí iṣan tó ti rẹ̀ máa ṣe iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Thomas DeLorme, ní Gardiner General Hospital ní Chicago, yí i padà. Òun fúnra rẹ̀ ti fi irin gbígbé gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn àìsàn nígbà èwe. Ó gbé irin tó wúwo fún wọn, kò jẹ́ kó pọ̀ ní iye, ó sì ń fi kún un bí ara ṣe ń gbà á. Ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ yìí jáde ní 1945. Nígbà tó fi máa di 1948, òun àti Arthur Watkins ti sọ ọ́ di ètò tó rọrùn: ẹ wá ìwọ̀n tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ẹ ò ní lè gbé lẹ́ẹ̀mọ́kànlá. Ẹ kọ́kọ́ fi ìdajì rẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ sinmi, ẹ fi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ṣe ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ sinmi, kí ẹ tó gbé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ètò yìí fúnra rẹ̀ ló ń mú ara gbóná. Kò fi àyè sílẹ̀ fún ìgbéraga, torí séètì àkọ́kọ́ ti máa sọ bóyá oríkèé kan ń ráhùn lónìí.

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Àtúnṣe kan ni mo ṣe sí ti DeLorme: fún ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ìdajì ohun tí ẹ rántí pé ẹ ń gbé ni kí ẹ kà sí òpin. Ẹ dúró nígbà tí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ṣì kù nínú yín. Á dà bíi pé ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ fara dà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa fi kílò 2.5 kún un nígbà tí gbogbo séètì bá ti rọ̀ yín lọ́rùn.

Mo mọ ohun tí ẹni tó ń gbé irin ní agboolé máa sọ. Kílò 2.5 wo? Ní ọ̀pọ̀ jíìmù àdúgbò ní Mushin, ní Agége, ní Bẹẹrẹ, àwọn wẹ́dà ló jó irin ọkọ̀ àlòkù pọ̀, tàbí kí wọ́n da kọnkéré sínú agolo ọ̀dà méjì pẹ̀lú páìpù láàárín. Láti orí èyí tó fúyẹ́ bọ́ sórí èyí tó tẹ̀ lé e lè jẹ́ kílò 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Níbẹ̀, ẹ má fi kún ìwọ̀n, iye ìgbà ni kí ẹ fi kún. Ẹ gbé agolo kan náà láti ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ títí dé ẹ̀ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún kí ẹ tó bọ́ sórí èyí tó wúwo jù ú lọ. Ìwádìí tí Brad Schoenfeld àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó jọ ní 2017 gbè yín lẹ́yìn: irin fífúyẹ́ àti irin wíwúwo ń mú iṣan tóbi bákan náà bí ẹ bá ṣe é títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ iṣan náà tán. Ibi tí wíwúwo ti borí ni agbára fúnra rẹ̀. Kọnkéré inú agolo kò rẹlẹ̀ sí irin dídán ilé olówó níbi tí ọ̀rọ̀ iṣan bá wà.

Ọjọ́ mélòó lọ́sẹ̀? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà ṣe iṣẹ́ tó ń mú iṣan le lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó sì kan gbogbo iṣan ńlá ara, yàtọ̀ sí ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ tí yóò fi rìn kíákíá tàbí ṣe irú eré bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kì í fẹ́ gbọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Ètò ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n ń fẹ́, Ọjọ́ Ajé fún àyà, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun fún apá. Ìbéèrè mi ni pé, ẹni tó ń jí láago mẹ́rin ààbọ̀ ní Ìkòròdú kó lè dé ibi iṣẹ́ ní Victoria Island, tó ń padà délé láago mẹ́sàn-án alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ ṣe ọjọ́ márùn-ún? Á ṣe é fún ọ̀sẹ̀ méjì, á pa ọjọ́ kan jẹ, gbogbo rẹ̀ á sì dà rú. Ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta bí àyè bá wà, kí gbogbo ara sì ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: ẹ lóṣòó pẹ̀lú irin kí ẹ dìde, ẹ gbé irin láti ilẹ̀, ẹ tì í láti àyà, ẹ fà á wá sí àyà, ẹ tì í kọjá orí. Márùn-ún yìí tó. Ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ni ẹ má fi sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣan tó tóbi jù wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin kì í fẹ́ dé.

Ọ̀rọ̀ ìrora ń fẹ́ àlàyé, nítorí àìmọ̀ nípa rẹ̀ ti lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sá, ó sì ti ṣe àwọn mìíràn léṣe. Wọ́n máa ń sọ pé omi kíkan tó kó sínú iṣan ló ń fà á. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èròjà yẹn ti máa ń kúrò nínú iṣan láàárín wákàtí kan tàbí bẹ́ẹ̀. Ìrora tó ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72 wá láti inú ìpalára kéékèèké inú iṣan, pàápàá nígbà tí a bá ń sọ irin kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá tún ṣe iṣẹ́ kan náà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kì í dùn yín tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Róòbù tí ẹ fi pa á á tù yín lára, kò sì burú. Oògùn ìrora ni mo fẹ́ ká ṣọ́ra fún. Ó ti di àṣà fún àwọn kan láti máa lo ibuprofen lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé irin. Ní Yunifásítì Karolinska ní Sweden, ìwádìí kan tó jáde ní 2018 fi hàn pé àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo mílígíráàmù 1200 rẹ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, iṣan wọn kò tóbi tó ti àwọn tí kò lò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó: ẹ̀ ń ṣe iṣẹ́, ẹ sì ń fi owó yín ra ohun tó ń jẹ èrè iṣẹ́ náà.

Ìrora mìíràn wà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ róòbù. Bí iṣan bá wú gan-an, tó ń rẹ yín ju bó ṣe yẹ lọ, tí ìtọ̀ yín sì dúdú bíi kóòkì, ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Iṣan ló ti fọ́ débi pé ohun inú rẹ̀ ń ṣàn sínú ẹ̀jẹ̀, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Àwọn tó ń padà lẹ́yìn ìsinmi pípẹ́, tí wọ́n fẹ́ fi ọjọ́ kan gba ohun ọdún kan padà nínú ooru, wà lára àwọn tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ gbọ́ bí àwọn àgbà ṣe tò ó: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Isu, èlùbọ́, àgbàdo, àgbàdo. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló jẹ́ oúnjẹ afúnnilókun. Ẹ̀wà ò sí níbẹ̀, ẹja ò sí, ẹyin ò sí. Bí àwo wa ṣe rí títí di òní nìyẹn: òkèlè ló gba gbogbo ojú àwo, ẹran kan ṣoṣo ló wà nínú ọbẹ̀, bàbá ilé ló sì ni èyí tó tóbi. Wọ́n tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin àti ẹran ní àjẹtẹ́rùn á yà sí olè. Ara tí a kọ́ bẹ́ẹ̀ la wá gbé lọ sí jíìmù, tí à ń retí pé kó mọ iṣan.

Purotéènì ni bíríkì tí ara fi ń mọ iṣan. Ìwọ̀n tí wọ́n ṣètò pé ó tó fún àgbàlagbà tí kò ṣe iṣẹ́ agbára ni gíráàmù 0.8 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n lójúmọ́. Fún ẹni tó ń gbé irin, Robert Morton àtàwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí 49 jọ ní 2018, wọ́n sì rí i pé àfikún purotéènì ń ran iṣan lọ́wọ́ títí dé bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kan. Lẹ́yìn ibẹ̀, èyí tí ẹ bá tún fi kún un kò fi bẹ́ẹ̀ mú nǹkan wá mọ́. Ẹni tó bá wọ̀n kílò 75, gíráàmù 120 nìyẹn. Ó dún bí ohun ńlá létí, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ ní ilé ìdáná wa. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ẹ̀wà tí a ti sè ní bíi 8 nínú gíráàmù 100. Ẹja Titus tí a ti sè ní bíi 24, adìẹ bíi 27. Ẹyin mẹ́ta láàárọ̀, àwo ẹ̀wà kan tó tó gíráàmù 250 lọ́sàn-án, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, Titus gíráàmù 150 àti adìẹ 100 láàárín ọ̀sán sí alẹ́: ó ti lé ní 100. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó wà nínú búrẹ́dì, ìrẹsì àti òkèlè á gbé e dé ibi tí à ń lọ. Isu sísè fúnra rẹ̀ kò ní ju gíráàmù 1 sí 2 lọ nínú 100. Bí ẹ bá fẹ́ fi iyán nìkan dé 120, ikùn á bẹ́.

Ẹni tí apá rẹ̀ ò bá ká ẹja àti adìẹ, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa ló wà níbẹ̀ báyìí, kó má rò pé ọ̀nà ti dí. Ẹ̀wà gbígbẹ ní bíi gíráàmù 23 nínú 100, sóyà ní bíi 36. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ kí sóyà tó wọ ilé ìdáná wa, béskè tí wọ́n ń dín lẹ́bàá títì sì wà lára èso sóyà tó gbajúmọ̀ lọ́dọ̀ wa jù. Mo ń rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọjá níwájú béskè lọ ra ìyẹ̀fun tí owó rẹ̀ tó owó oúnjẹ oṣù kan. Ó máa ń dùn mí. Àwọn ìyá wa sì ti yanjú ìṣòro kan tí àwọn onímọ̀ wá sọ orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn: ẹ̀wà ní lysine púpọ̀, ọ̀kan lára èròjà purotéènì, èyí tí àgbàdo kò ní tó, àgbàdo sì ní methionine, èròjà mìíràn bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀wà ń wá. Àdàlú nìyẹn. Ẹ̀kọ àti àkàrà nìyẹn. Bí ẹ̀wà bá ń kún yín nínú, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú kí ẹ da omi náà nù, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwọ̀nba.

Ṣé kí a wá fi òkèlè sílẹ̀? Rárá o. Òun ló ń fún iṣan lókun tó fi ń gbé irin. Ẹni tó bá fẹ́ fọn díẹ̀, kó dín òkèlè kù sí ìwọ̀n ìkúùkù méjì, kó fi ẹ̀fọ́ kún un, kó sì wo òróró. Ṣíbí òróró ńlá kan ní bíi kalorí 120, bóyá epo pupa ni o, bóyá òróró ẹ̀pà ni. Ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀ lè gbé ju òkèlè lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwọ̀n ara dẹ́rù bà yín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Iṣan tó ń padà sẹ́nu iṣẹ́ máa ń fa okun àti omi sínú, ènìyàn lè wúwo sí i ní kílò kan tàbí méjì láìsanra. Okùn ìwọ̀n télọ̀ nídìí ikùn ló ń sọ òótọ́ ju ìyẹn lọ.

Lórí àwọn agolo ìyẹ̀fun: èyí tí wọ́n fi purotéènì wàrà ṣe, oúnjẹ lásán ni, ó wúlò fún ẹni tí kò ráyè jẹun, kò sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí wọ́n ń pè ní asọnidi-ńlá, púpọ̀ nínú rẹ̀ jẹ́ ṣúgà. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo rí i pé ẹ̀rí rẹ̀ dúró ṣinṣin ni creatine, gíráàmù 3 sí 5 lójúmọ́, fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dáa. Kò pọndandan.

Ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni oògùn. Àwọn kan ń lo dexamethasone àti cyproheptadine kí ara lè yọ, wọ́n sì ń rà wọ́n láìsí ìwé dókítà. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ oògùn ìwúlé àti ikọ́ fée, èkejì jẹ́ ti ara yíyún, tó ń mú ebi pa ènìyàn tó sì ń mú un sùn. Ara tí dexamethasone ń yọ jẹ́ omi àti ọ̀rá; lábẹ́ rẹ̀, ó ń jẹ iṣan, ó ń sọ egungun di ẹlẹgẹ́, ó sì ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè. Ẹni tó lo oògùn yẹn kó tó wá gbé irin ń fi ọwọ́ kan kọ́lé, ó ń fi ìkejì wó o. Abẹ́rẹ́ testosterone ní tirẹ̀ máa ń mú iṣan yọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ara á dá tirẹ̀ tó ń ṣe dúró, àtọ̀ á sì dín kù débi pé ọkùnrin lè máa wá ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó ti lé ní ogójì ọdún tó padà, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì McMaster ní Kánádà wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àwọn ọ̀dọ́kùnrin onírin nígbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti irin tó wúwo. Ti ọ̀kan nínú wọn kọjá 480 lórí 350. Lára ohun tó fà á ni èémí tí wọ́n sé mọ́nú. Ẹ máa mí síta bí ẹ ṣe ń tì í. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru tí kò tíì lo oògùn, kó fi irin wíwúwo sílẹ̀ títí dókítà á fi sọ̀rọ̀.

Àwọn obìnrin máa ń bi mí bóyá àwọn ò ní dà bí ọkùnrin. Adijat Olarinoye, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé irin díje, gba góòlù ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham ní 2022, kílò 203 ló gbé lápapọ̀, abala àwọn tí ìwọ̀n ara wọn kò ju kílò 55 lọ ló sì ti díje. Irin ni iṣẹ́ rẹ̀, síbẹ̀ ara rẹ̀ kò wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Egungun ni kí obìnrin tó ti kọjá nǹkan oṣù rò. Ní Yunifásítì Griffith ní Ọsirélíà, wọ́n fún irú àwọn obìnrin bẹ́ẹ̀, tí egungun wọn ti fúyẹ́, ní irin wíwúwo fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, lábẹ́ ojú olùkọ́. Egungun ọ̀pá ẹ̀yìn wọn ki sí i.

Ìwádìí tó yí mi lọ́kàn padà jù kò sì kan ọ̀dọ́ rárá. Ní 1990, Maria Fiatarone àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston gbé irin fún àwọn arúgbó mẹ́wàá tó wà ní ilé ìtọ́jú, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí 90 ọdún. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, agbára ẹsẹ̀ wọn ti fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Nígbà tí mo kà á, ìyá mi ni mo rántí. Àìsàn tó gbé mi kúrò ní jíìmù ti fi í sílẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n kò lè dìde lórí àga láìjẹ́ pé ẹnì kan fà á lọ́wọ́.

A kò ní irin nílé. Mo bi dókítà rẹ̀, ó gbà, a sì fi àga bẹ̀rẹ̀: kó jókòó, kó dìde, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, pẹ̀lú ọwọ́ mi nídìí ìgúnpá rẹ̀. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀. Ó ń kà á fúnra rẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, ó ti ń ṣe mẹ́wàá, ó sinmi, ó tún ṣe mẹ́wàá, ó gbé ìgò omi kan mọ́ àyà. Èmi náà ti padà sórí bẹ́ńṣì ní tèmi, mo bẹ̀rẹ̀ láti kílò 40, èjìká ò sì wí nǹkan kan. Láàárọ̀ Ọjọ́ Ajé tó kọjá, mo gbé ẹyin sísè méjì síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀kọ. Ó bó ọ̀kan, ó ti èkejì sọ́dọ̀ mi. Mo tì í padà. Ó wò mí títí. "Ẹyin méjì, èmi nìkan?" Lẹ́yìn náà ló mú un, ó gbá a mọ́ etí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o.